Itan Ń Jó, Orúnkún Ń Gbóná: Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Ooru Ẹ́ńjìnnì àti Páìpù Èéfín Kù Lára Alùpùpù Ìrìnàjò

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gun alùpùpù ńlá rìnrìn àjò ló ti náwó lórí ooru tí kò lọ. A ra aṣọ fáíbà, a fi wé páìpù. A ra bébà dídán, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ táǹkì. Bí a bá sì bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàfò lọ́sàn-án gangan, itan ṣì ń jó wa bí ẹni tó jókòó ti àdògán. Ohun tó fà á ni pé ibi tó yẹ ká parí iṣẹ́ sí la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ kò dá, kò sí aṣọ tó lè bo ooru rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Báìkì ńlá tó ń lo rédíétọ̀, tí ike bò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí gíláàsì wà níwájú rẹ̀, ni mo ní lọ́kàn: irú Yamaha FJR1300, Honda ST1300, Kawasaki Concours 14 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun Harley tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, ẹ fo ìpele kejì àti ìkẹta. Ọ̀rọ̀ yín wà ní ìpele keje.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Ìbọn tí a fi ń wọn ooru. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà kòrónà o. Ìyẹn kì í kà ju nǹkan bíi 43°C lọ. Irú èyí tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń lò ni kí ẹ rà, èyí tó lè kà dé 400°C.
- Táápù dúdú tí kì í dán, àti òwú wúùlù díẹ̀.
- Kúláǹtì, ìyẹn èròjà olómi tí a ń pò mọ́ omi rédíétọ̀. Kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ẹ́ńjìnnì alumíníọ̀mù ló wà fún, tí kò sì ní èròjà tí wọ́n ń pè ní silicate nínú.
- Omi bátìrì tí wọ́n ti sẹ́ mọ́, bí ẹ bá fẹ́ po kúláǹtì fúnra yín. Ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa. Omi lásán ni ẹ fẹ́, kì í ṣe ásíìdì bátìrì, nítorí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń tò wọ́n sí ní ṣọ́ọ̀bù.
- Sípánà, àlẹ́ńkíì, àti ìwé àtúnṣe báìkì yín gan-an.
- Aṣọ fáíbà tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, pẹ̀lú okùn irin tí kì í dípẹtà.
- Bébà adíooru tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, àti fóòmù tí omi kì í wọ̀.
- Ìbọ̀wọ́, ìbomú, àti ẹ̀wù alápá gígùn.

Ẹ má tíì ra aṣọ fáíbà àti bébà adíooru lónìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ parí ìpele kẹrin kí ẹ sì rí i pé ẹ kò nílò wọn mọ́.

Ìpele kìíní: Ẹ mọ ibi tí ooru ti ń wá

Ẹ lẹ táápù dúdú kékeré mọ́ ibi mẹ́fà: ẹ̀gbẹ́ táǹkì níbi tí orúnkún ọ̀tún ń kàn, ti òsì pẹ̀lú, irin ara báìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan méjèèjì, etí iwájú ìjókòó, àti inú ike tó kọjú sí ojúgun. Táápù yìí ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá na ìbọn sí irin dídán, irọ́ ni yóò pa fún yín. Yóò sọ pé ó tutù nígbà tí ó ń jó.

Ẹ gun báìkì fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá wọn ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kọ aago tí ẹ wọ̀n ọ́n sí i. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí a tì ń pa ènìyàn, kò sì ní òórùn tí yóò fi kìlọ̀ fún yín.

Báyìí ni ẹ ó ṣe túmọ̀ ohun tí ẹ rí. Bí ooru bá ń dé nígbà tí ẹ bá dúró nìkan, tí ó sì ń lọ bí ẹ bá ti ń sáré, fáànù, rédíétọ̀ tàbí páìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá ń jó yín lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba àlàfo kan jáde sí yín lára, ìpele kẹfà ló ni ín. Bí ó bá gbóná nígbà gbogbo, tí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n-ooru sì ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń ké, ẹ má fọwọ́ kan aṣọ fáíbà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ kejì ní aago kan náà. Bí iye méjèèjì kò bá jìnnà síra, ìwọ̀n yín dára. Kí ẹ sì mọ̀ pé irin tó bá ti tó 60°C, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ló fi ń bó awọ ara.

Ìpele kejì: Omi inú ẹ́ńjìnnì

Nínú gbogbo agbára tó wà nínú epo tí ẹ́ńjìnnì ń sun, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń di ìrìn. Èyí tó kù, ooru ni. Omi rédíétọ̀ ń ru lára rẹ̀ lọ, èéfín sì ń ru ìyókù. Bí omi bá kọ̀ láti ru tirẹ̀, ara yín ni yóò rù ú.

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ó kéré tán wákàtí mẹ́ta. Omi tó wà nínú rẹ̀ lè gbóná ju omi híhó lọ. Ìdérí tó tì í mọ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kó hó. Ẹni tó bá ṣí ìdérí náà ní gbígbóná, ojú àti àyà rẹ̀ ni omi náà ń bá.

2. Ẹ tú omi àtijọ́ sínú ike. Bí ó bá ti pọ́n bí ẹ̀kọ òwúrọ̀, tàbí tí èèpá wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ti da omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ sí i rí. Ẹ fi omi bátìrì fọ̀ ọ́ títí tí ohun tó ń jáde yóò fi mọ́. Ẹ má dà á sí ilẹ̀ tàbí sínú gọ́tà, nítorí ó ní adùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ajá àti ọmọdé.

3. Ẹ da kúláǹtì tuntun sí i, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi bátìrì, bí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n ti pò tán. Àwọn kan gbà pé bí kúláǹtì bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ́ńjìnnì yóò ṣe tutù tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi ló mọ ooru í gbé jù; kúláǹtì ló ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó hó, òun náà ni kì í jẹ́ kí irin inú rẹ̀ dípẹtà.

4. Ẹ gbé báìkì sórí sítáńdì àárín, ẹ tan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ rọ́bà omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí i tí afẹ́fẹ́ ń yọ fùkẹ̀fùkẹ̀. Ẹ máa bu omi kún un títí tí kò ní yọ mọ́, kí ẹ sì dé e kí ó tó gbóná jù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n á bu omi kún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dé e, wọ́n á lọ. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ́ńjìnnì kò gbé ooru, ibi tó bá sì há sí ń yan bí àgbàdo.

5. Ẹ yẹ rọ́bà etí ìdérí wò. Bí ó bá ti là tàbí tó ti le gan-an, ẹ ra òmíràn. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ìdérí tí kò di omi mú ń jẹ́ kí ó tètè hó.

Nípa tẹmosítáàtì, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sí rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ ọ́ sọ nù. Wọ́n ti fi àṣà yìí kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nídìí mọ́tò pé ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kì í dé ìwọ̀n tó yẹ lákòókò, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo sí i ju bó ti yẹ. Bí ó bá bàjẹ́, tuntun ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ojú rédíétọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìrìn kan ṣoṣo ní àsìkò òjò, ẹrẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ iwájú ń ta, kòkòrò, àti ọ̀rá máa ń dí àwọn ihò tín-ín-rín yẹn. Láti ẹ̀yìn wá sí iwájú ni kí ẹ ti fi omi díẹ̀díẹ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ó ń tẹ àwọn ewé alumíníọ̀mù náà pọ̀ bí ìwé tí ènìyàn jókòó lé. Èyí tó bá ti tẹ̀, ẹ fi igi ìtayín nà án padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ sùúrù ni.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gun báìkì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lójú ọ̀nà, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wo ike omi kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́: omi gbọ́dọ̀ wà láàárín ìlà méjèèjì. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni; ẹ bu sí i, kí ẹ tún wò ó lọ́jọ́ kẹta. Bí ó bá tún lọ sílẹ̀, ó ń jò níbì kan.

Ìpele kẹta: Fáànù

Ìpele yìí ni mo fi owó mi kọ́. Mo ti wé gbogbo páìpù báìkì mi, mo ti lẹ bébà dídán mọ́ abẹ́ táǹkì, síbẹ̀ bí mo bá ti wọ gósílóò, abẹ́rẹ́ á máa gùn, itan mi á máa jó. Mo ń gbọ́ ìró fáànù, nítorí náà n kò fura sí i. Lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo yọ rìsíìtì ilé epo kan lápò, mo gbé e síwájú rédíétọ̀. Dípò kí ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó fò padà, ó bà mí láyà. Ẹni tó tún wáyà fáànù náà ṣe fún mi ló ti gbé wáyà méjèèjì pààrọ̀ ara wọn. Fáànù ń yí lóòótọ́, òdìkejì ló ń yí sí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lára ẹ́ńjìnnì ló ń fà, tó tún ń tì gba inú rédíétọ̀ kọjá.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ìwé yẹn. Lára ọ̀pọ̀ báìkì, ẹ̀yìn rédíétọ̀ ni fáànù wà, fífà ló ń fa afẹ́fẹ́ wá láti iwájú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lórí ìdúró títí fáànù yóò fi tan; ọ̀pọ̀ máa ń tan ní nǹkan bíi 100 sí 105°C. Ẹ gbé ìwé pẹlẹbẹ síwájú rédíétọ̀. Bí ó bá lẹ̀ típẹ́, ó dára. Bí ó bá fò, ẹ yí wáyà padà. Bí fáànù kò bá tan rárá, ẹ yẹ fíúùsì wò, ẹ yọ wáyà rẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ bátìrì tààrà fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bí ó bá yí, kì í ṣe òun ló bàjẹ́. Rílè (súwíìṣì tó ń gbé iná fún un) tàbí sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń mọ bí omi ṣe gbóná tó) ni.

Ẹ̀yin tí mẹkáníìkì yín fẹ́ «dáyírẹ́ẹ̀tì» fáànù kí ó lè máa yí láti ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti tan: ẹ má gbà. Agbára iná tí báìkì ń mú jáde kò pọ̀ bíi ti mọ́tò, pàápàá lórí ìdúró. Bátìrì á kú, ẹ ó sì tún ra fáànù. Bí ẹ bá fẹ́ ní ọ̀nà àbáyọ, ẹ so súwíìṣì kékeré mọ́ hándù pẹ̀lú rílè àti fíúùsì tirẹ̀, kí sẹ́ńsọ̀ sì wà níbi tó wà.

Ìpele kẹrin: Ọ́ìlì, epo, àti ìjò

Ọ́ìlì tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 sí lára, ìyẹn àmì ọ́ìlì alùpùpù, ni kí ẹ lò, ní ìwọ̀n tí ìwé báìkì yín sọ. Inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì báìkì wà; àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà amúnǹkan-yọ̀ tó ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀, kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ sì ń dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé báìkì dúró ṣánṣán kí ẹ tó wo ìwọ̀n ọ́ìlì, ẹ má wò ó lórí sítáńdì ẹ̀gbẹ́.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kan. Bí ó bá funfun bí ẹfun, epo ń kéré, afẹ́fẹ́ ń pọ̀, iná inú ẹ́ńjìnnì sì gbóná ju bó ti yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ra sálẹ́ńsà olóhùn ńlá tí ẹ kò sì tún kọ̀ǹpútà epo ṣe, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ bu omi ọṣẹ sí ibi tí páìpù èéfín ti wọ orí ẹ́ńjìnnì, ẹ tan án. Ibi tó bá hó fùfù ń jò. Bí ẹ bá rí ẹ̀ẹ́dú dúdú níbẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń jò. Ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn òrùka tó ń dí ojú ìpàdé náà; ẹ má kàn fún bóòtù rẹ̀ pọ̀ tipátipá, nítorí àwọn bóòtù yẹn máa ń ṣẹ́ sínú.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tún ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ̀n bíi ti ìpele kìíní. Bí ooru bá ti lọ débi tó tẹ́ yín lọ́rùn, iṣẹ́ ti parí, ẹ tọ́jú owó yín.

Ìpele karùn-ún: Páìpù

Ṣé ẹ ṣì fẹ́ wé e? Ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Aṣọ fáíbà ń há ooru mọ́ inú páìpù kí ó lè bá èéfín lọ sẹ́yìn. Ó ń há omi òjò mọ́ ọn náà. Páìpù irin lásán tí a wé ní ìlú olójò máa ń dípẹtà láti abẹ́ aṣọ, ẹ kò sì ní rí i títí yóò fi lu. Bí páìpù yín kì í bá ṣe irin tí kì í dípẹtà, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ sí ìpele kẹfà. Ìmọ̀ràn tèmi nìyẹn, mo sì dúró lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ wé e: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn, nítorí ìyẹ̀fun fáíbà ń yún ara, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi rin aṣọ náà kí ó lè rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ẹ́ńjìnnì, kí ìlọ́po kọ̀ọ̀kan gorí èyí tó ṣáájú ní nǹkan bíi mìlímítà 6, kí ẹ sì máa fà á típẹ́típẹ́. Ẹ fi okùn irin dì í ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Aṣọ tó gorí ara rẹ̀ jù ń di ẹrù lásán, èyí tó sì ní àlàfo ń jó yín láti ojú àlàfo náà.

Ẹ kò gbọdọ̀ wé kátálíìsì, ìyẹn ibi tó wú lára páìpù, tó ń dín májèlé inú èéfín kù. Gbígbóná ló fi ń ṣiṣẹ́; bí ẹ bá wé e, ó lè gbóná jù kí ó sì yọ́ nínú. Kí ẹ má sì yọ ọ́ sọ nù pé òun ló ń gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ lòdì sí i.

*Àyẹ̀wò:* Ní ìgbà àkọ́kọ́, yóò rú èéfín fún bí ogún ìṣẹ́jú, yóò sì rùn. Lẹ́yìn ìyẹn kò gbọdọ̀ rú mọ́. Bí ó bá ṣì ń rú, ọ́ìlì ti kán sí i. Ẹ tú u kíá, nítorí aṣọ tó mu ọ́ìlì lè gbiná.

Ìpele kẹfà: Ẹ darí afẹ́fẹ́

Gíláàsì gíga ń dá afẹ́fẹ́ dúró níwájú yín, àmọ́ ibi òfìfo tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú ike gòkè wá sí àyà àti itan yín. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ rẹ gíláàsì sílẹ̀ kí ẹ wò ó. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Àwọn tó ń ṣe báìkì náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni: láti ọdún 2006 ni Yamaha ti fi ike tí a lè sún sí ẹ̀gbẹ́ FJR1300 láti darí ooru kúrò lára ẹni tó ń gùn ún.

Ẹ gé òwú wúùlù ní gígùn ìka ọwọ́, ẹ fi táápù lẹ̀ wọ́n yíká etí ike, abẹ́ táǹkì, àti iwájú ìjókòó. Kí ọ̀rẹ́ yín kan gun báìkì tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yín, lójú ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀, kí ó wo wọ́n fún yín. Òwú tó bá ń nà sẹ́yìn dára. Òwú tó bá ń jó sókè sí yín, ibẹ̀ ni àlàfo wà. Ẹ gé fóòmù, ẹ fi dí i.

Ẹ wá lẹ bébà adíooru mọ́ abẹ́ táǹkì àti inú ike, kí ojú dídán rẹ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Ó kéré tán, ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ohun gbígbóná, torí bí ó bá fara kàn án, ooru á gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹ má dí rọ́bà tí táǹkì fi ń mí, ẹ má dí ẹnu fílítà afẹ́fẹ́, kí bébà náà má sì kan orí bátìrì, torí irin ni ó.

Ìpele keje: Lójú ọ̀nà

Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fi kílọ́ọ̀ṣì di báìkì mú lórí òkè, ẹ fi bíréèkì dì í. Ẹni tó ń gun Harley ìrìnàjò: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ètò kan tó ń pa sílíńdà ẹ̀yìn lórí ìdúró bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ẹ wò ó nínú ìwé yín bóyá tiyín ní in. Títi tọ́rótù (ìdìmú ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń fún báìkì ní epo) síwájú kọjá ibi tó ti ń pa, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ni a fi ń tan án. Ìró rẹ̀ yóò yí padà, ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín, kí ó tó gùn ún, ẹ̀gbẹ́ tí páìpù wà àti ẹ̀gbẹ́ tí yóò gbà sọ̀kalẹ̀. A mọ àpá sálẹ́ńsà tó wà lójúgun ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Èkó dé Kùtọnu. Bí ó bá jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tó ń ṣàn ni fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Lẹ́yìn ìrìnàjò gígùn àkọ́kọ́, ẹ wọn ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún ìgbà ìkẹyìn, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ ká ìwé náà sínú ọ̀rá, ẹ tì í sábẹ́ ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò sípánà. Bí ooru bá tún dé lọ́dún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ èyí tó yí padà.